Ta Ni Yóò Ṣe Àgbákò? Ìwé Fágúnwà Láàárín Òṣèré àti Kàtúùn

Ìbéèrè tí ẹ ní kí n wá dáhùn kò gùn: bí a bá fẹ́ sọ ìwé ìtàn àròsọ tó kún fún iwin àti mérìíyìírí di fíìmù, ṣé òṣèré ni kí a kó síwájú kámẹ́rà, tàbí kàtúùn ni kí a fi ṣe é? N kò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Bó bá jẹ́ ti Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ni, ìwé tí D. O. Fágúnwà gbé jáde ní 1938, kàtúùn ni mo fara mọ́.

Ẹ wo Àgbákò inú ìwé náà. Ẹ̀dá tí ojú mẹ́rìndínlógún yí orí rẹ̀ ká, tó fi irin ṣe fìlà, tó fi idẹ ṣe ẹ̀wù, tí ejò ń yọ ahọ́n lára rẹ̀ bó ti ń rìn. Òṣèré wo ni a ó pè fún irú eléyìí? Bó ti wù kí onítọ̀hún ga tó, ojú méjì ni Ọlọ́run fún un. Rọ́bà ni wọn yóò fi ṣe mẹ́rìnlá tó kù, wọn yóò sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lórí. Tàbí kí kọ̀ǹpútà bá wa ya Àgbákò, kí a wá gbé e dúró ti ọmọkùnrin tó ń ṣe Àkàrà-oògùn, ọdẹ tí ìtàn náà dá lé. Bó bá ti dà bẹ́ẹ̀, kàtúùn náà ni a ti ń ṣe. A kàn ń sẹ́ ni.

Àwọn tó fara mọ́ òṣèré máa ń nawọ́ sí The Lord of the Rings, ìwé Tolkien. Ní 1978, Ralph Bakshi fi kàtúùn ṣe é: ó ya òṣèré ní fíìmù, wọ́n sì wá ya àwòrán lé wọn lórí. Ìdajì ìtàn náà ni ó rìn dé. Apá kejì kò jáde títí dòní. Peter Jackson wá kó òṣèré jọ, ó gbé fíìmù mẹ́ta jáde láti 2001 sí 2003, ẹ̀kẹta sì gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar 11. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Kò parí. Gollum tí gbogbo ayé ń ròyìn nínú fíìmù náà, Andy Serkis ló ṣe ìṣe rẹ̀ tó fọ ohùn rẹ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ló ya awọ ara rẹ̀. Àwọn yòókù nínú ìwé Tolkien ńkọ́? Púpọ̀ nínú wọn, èèyàn ni wọ́n, tàbí kúkúrú èèyàn, tàbí èèyàn tí etí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó. Kámẹ́rà rí nǹkan dì mú lára wọn. Nínú igbó Fágúnwà, ibi tí kámẹ́rà yóò dì mú ṣọ̀wọ́n.

Èyí kò sọ pé kí a lé òṣèré kúrò nílé. N kò jẹ́ gbà kí ẹnikẹ́ni fi kàtúùn tún fíìmù Aiyé ṣe, èyí tí Hubert Ògúndé àti Ola Balogun ṣe ní 1979. Àwọn àjẹ́ inú rẹ̀, èèyàn ni wọ́n. Ohun tó ń dẹ́rù bani níbẹ̀ ni pé ojú wọn kò yàtọ̀ sí ojú aládùúgbò ẹni. Ànìkúlápó tí Kúnlé Afọláyan gbé jáde ní 2022 náà rí bẹ́ẹ̀: ẹnu ọ̀nà ikú ni ìtàn náà dúró sí, ṣùgbọ́n ìfẹ́, ìlara àti ojúkòkòrò ọmọ èèyàn ló gbé e rìn. Ibi tí ìyanu bá ti gbé ara èèyàn wọ̀, òṣèré ló nibẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò bi mí pé Kọ́lá Ògúnmọ́lá ńkọ́? Òótọ́ ni. Ní 1963, ní Ìbàdàn, ó sọ ìwé Amos Tutùọlá, The Palm-Wine Drinkard, di eré orí ìtàgé tí a mọ̀ sí Ọ̀mùtí, Demas Nwoko sì bá wọn ṣe ọnà ìtàgé náà. Wálé Ògúnyẹmí mú ìwé Fágúnwà yìí gan-an, ó fi ṣe Langbodo, òun sì ni Nàìjíríà gbé lọ sí àjọ̀dún àṣà FESTAC ní 1977. Ẹlẹ́ran-ara ló ṣe méjèèjì. Ṣùgbọ́n ìtàgé kì í ṣe kámẹ́rà. Nígbà tí eégún apidán bá di erè lójú agbo, gbogbo wa mọ̀ pé èèyàn ló wà lábẹ́ aṣọ, síbẹ̀ àwọn ọmọdé a fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, àgbà a sì lanu. Àdéhùn wà láàárín òṣèré àti òǹwòran. Kámẹ́rà kì í bá ẹnikẹ́ni ṣe irú àdéhùn yẹn. Ó ń sún mọ́ ọn títí yóò fi rí ojú rírán aṣọ. Àwòrán tí a fọwọ́ yà ló tún dá àdéhùn náà padà, nítorí kò pe ara rẹ̀ ní ohun mìíràn ju àwòrán lọ. Nígbà tí Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ ìwé Fágúnwà yìí sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, àwòrán Bruce Onobrakpeya ló wà nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló dé tí iwin rẹ̀ kò jọ iwin.

Ìdí tó wúwo jù lọ́kàn mi nìyí. Nínú iṣẹ́ kàtúùn bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Amẹ́ríkà, ohùn ló ń ṣíwájú. Òṣèré yóò kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ, ayàwòrán yóò wá gbọ́ ọ títí, yóò sì máa ya ẹnu, ojú àti ọwọ́ tẹ̀ lé e. Ta ló yẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ju Fágúnwà lọ? Ọ̀rọ̀ ni òpó ìwé rẹ̀. Bí ọdẹ méjì bá pàdé, wọn yóò kọ́kọ́ fi ẹnu jà kí wọ́n tó fọwọ́ kan ara wọn. Lójú kámẹ́rà, olùdarí yóò ní kí wọ́n gé ìfọ́nnu yẹn kí ìjà lè bẹ̀rẹ̀. Nínú kàtúùn, àwòrán lè bá ìfọ́nnu náà rìn: ó dárúkọ ẹkùn, ẹkùn yọ, ó dárúkọ ìjì, igbó mì. Nítorí náà, ẹni tó lè ka Fágúnwà sókè kó dùn gbọ́ létí ni kí a kọ́kọ́ wá, kí a sì sanwó rẹ̀ kí a tó ra kọ̀ǹpútà kankan. Olókìkí orí Instagram tí kò lè pe àmì ohùn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kó jókòó sílé.

Kàtúùn kì í ṣe iṣẹ́ pọ́ọ́kú o. Àwòrán 24 ló ń kọjá lójú òǹwòran láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa ti mọ iṣẹ́ náà: Lady Buckit and the Motley Mopsters jáde ní 2020, Iwájú, tí ilé-iṣẹ́ Kugali bá Disney ṣe nípa Èkó, jáde ní 2024. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe méjèèjì. Èyí tó ṣẹ́ kù ni ìwé Yorùbá lédè Yorùbá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ọwọ́ yín ti ń yún yín, ohun kan rèé. Ọdún 1963 ni Fágúnwà kú. Òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ti 2022 ní Nàìjíríà fún àwọn àrólé òǹkọ̀wé ní ẹ̀tọ́ sí iṣẹ́ rẹ̀ fún 70 ọdún lẹ́yìn òpin ọdún tó kú. Ẹ̀tọ́ náà kò ní tán títí di ìparí 2033. Ẹ kọ́kọ́ lọ bá àwọn tó ni ín, kí ẹ tọwọ́ bọ̀wé, kí ẹ tó ya ojú kan ṣoṣo nínú mẹ́rìndínlógún Àgbákò.