Màlúù Tí A Mọ̀ Pé Ó Ń Kàn: Ọ̀rọ̀ Lórí Alùpùpù àti Ẹni Tí Ó Ni Ín

 

Ọ̀rọ̀ tí a gbé lé mi lọ́wọ́ kì í ṣe èyí tí a sábà máa ń gbọ́ lórí àga ìwàásù. Ọ̀rọ̀ lórí alùpùpù ni. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ayé lásán ni. Ohun tí ó ń gbé ọmọ wa jáde nílé ní òwúrọ̀, tí a sì ń fi àdúrà retí ìpadàbọ̀ rẹ̀ ní alẹ́, ọ̀rọ̀ ìjọ ni.

Ẹni tí ó bá mọ ìlú Accra mọ Circle. Oríta ńlá ni, a sì fi orúkọ Dókítà Kwame Nkrumah, ẹni tí ó ṣáájú Ghánà dé òmìnira ní 1957, pè é. Níbẹ̀ ni Ring Road, ọ̀nà Nsawam àti Kwame Nkrumah Avenue ti pàdé. Níbẹ̀ ni èrò Kumasi ti ń wọ ọkọ̀, níbẹ̀ sì ni Tiptoe Lane wà, ọjà àwọn tí ń ta fóònù. Ní 2016 ìjọba ṣí àwọn afárá tuntun níbẹ̀ kí ọkọ̀ lè máa gba òkè àti ìsàlẹ̀ kọjá. Síbẹ̀ èrò kò dínkù, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kò sì tán. Ní irú ibi báyìí ni alùpùpù ti di ọ̀rẹ́ ẹni tí ó ń kánjú.

Àwọn ará Ghánà pàápàá ń pe alùpùpù tí ń gbé èrò ní ọ̀kadà, orúkọ tí ó ti ilẹ̀ Nàìjíríà rékọjá lọ bá wọn. Okada Air ni ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Olóyè Gabriel Igbinedion ń jẹ́, àwọn ènìyàn sì fi orúkọ náà ṣe ẹ̀fẹ̀ pe alùpùpù. Ní Kùtọnu, zẹ́mìjàn ni wọ́n ń pè é. Èdè Fọ̀n ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé kí a tètè gbé ni lọ. Ẹ kíyè sí i pé, yálà a fi wé ọkọ̀ òfuurufú tàbí a fi ìkánjú sọ ọ́ lórúkọ, eré ni orúkọ méjèèjì ń wí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dúpẹ́ fún ohun rere tí ó wà nínú rẹ̀. Gottlieb Daimler àti Wilhelm Maybach ni wọ́n fi ẹ́ńjìnnì tí ń mu epo sí ara kẹ̀kẹ́ onígi ní ilẹ̀ Jámánì ní 1885, èso iṣẹ́ wọn sì ti dé abúlé wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó fi òógùn ojú rẹ̀ ra alùpùpù àkọ́kọ́ mọ ayọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ tá a, tí ẹ́ńjìnnì dáhùn, tí atẹ́gùn sì ń fẹ́ sí i láyà. Epo díẹ̀ ni ó ń mu. Ọ̀nà tóóró tí mọ́tò kò lè wọ̀ ni ó ń gbà. Ajíhìnrere tí ì bá fi ẹsẹ̀ rìn láti òwúrọ̀ lè dé ìjọ méjì kí oòrùn tó kan àtàrí. Aboyún tí ìrọbí mú lóru ní ibi tí kò sí ọkọ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé alùpùpù ni ó gbé e dé ọ̀dọ̀ agbẹ̀bí. Ẹni tí ó bá ní kò sí ire nínú rẹ̀ kò sọ òtítọ́.

Ṣùgbọ́n ibi tí ayọ̀ náà ti ń wá ni ewu rẹ̀ ti ń wá. Ẹni tí ó wà nínú mọ́tò ní irin yí i ká. Ẹni tí ó wà lórí alùpùpù, ara rẹ̀ ni irin rẹ̀. Iyanrìn díẹ̀ tàbí epo tí ó dà sójú títì tó láti gbé e ṣubú. Ohun kan sì wà tí ọ̀pọ̀ kì í rò: bí eré bá di ìlọ́po méjì, ibi tí alùpùpù yóò yí dé lẹ́yìn tí a bá ti tẹ bíréèkì kì í ṣe ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni. Ẹni tí ó ń sá 60 kìlómítà ní wákàtí kan nílò ìlọ́po mẹ́rin ààyè tí ẹni tí ó ń sá 30 nílò. Ní Circle, níbi tí àwọn tí ń kiri ọjà ti ń rìn láàárín ọkọ̀, ta ni ó ní irú ààyè bẹ́ẹ̀?

Àwọn ìjọba ti rí ewu yìí. Ní Ghánà, òfin ìrìnnà ti 2012 kà á léèwọ̀ láti fi alùpùpù gbé èrò gba owó. Síbẹ̀ iṣẹ́ náà gbilẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, ó sì di ọ̀rọ̀ ìdìbò ní 2020, nígbà tí John Mahama ṣèlérí pé bí òun bá wọlé, òun yóò sọ ọ́ di iṣẹ́ tí òfin mọ̀. Ní Èkó, ìjọba fi òfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà 2022. Òfin ìlú a máa yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn, a sì máa yí padà. Kí olúkúlùkù wádìí èyí tí ó wà ní ìlú tirẹ̀ kí ó tó ná owó rẹ̀. Èyí tí kì í yí padà ni mo fẹ́ rán yín létí.

Nínú Ẹ́kísódù orí 21, Ọlọ́run fún Ísírẹ́lì ní òfin nípa màlúù tí ó kan ènìyàn pa. Bí kò bá ti máa ń kàn tẹ́lẹ̀, màlúù nìkan ni yóò kú, ọrùn olúwa rẹ̀ yóò sì mọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti máa ń kàn láti ẹ̀yìn wá, tí a sì ti kìlọ̀ fún olúwa rẹ̀ tí kò so ó mọ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó kú ń bẹ lọ́rùn ẹni tí ó ni màlúù. Nínú Diutarónómì orí 22 pẹ̀lú, ẹni tí ó kọ́ ilé gbọ́dọ̀ mọ odi kékeré yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má bàa ti ibẹ̀ ṣubú. Ẹni tí ó ni nǹkan ni òfin méjèèjì ń bá wí.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ mi ń lọ. Púpọ̀ nínú alùpùpù tí ń gbé èrò kì í ṣe ti ẹni tí ń gùn ún. Ẹlòmíràn ni ó rà á, ó sì gbé e fún ọmọ aláìní kí ó máa dá iye kan wá lójúmọ́, tàbí kí ó máa ṣiṣẹ́ san owó rẹ̀ títí yóò fi di tirẹ̀. Kò sí ohun tí ó burú nínú èyí. Ó ti gba ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ lọ́wọ́ àìríṣẹ́ṣe. Ṣùgbọ́n bí owó tí a bù lé ọmọ náà bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè rí i àfi bí ó bá sá eré àsápajúdé, àwa ni a ń lé e. Bí òjò bá rọ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́, tí a sì gba owó kíkún, àwa ni a rán an sínú àgbàrá. Bí táyà bá ti yọ̀, tí a ní kí ó ṣì máa fi rọ́jú, a ti kìlọ̀ fún wa, a kò sì so màlúù wa mọ́lẹ̀.

Nígbà tí ọmọ náà bá wá ṣubú, a óò ní ọ̀tá ni, a óò ní ọwọ́ ayé ni. Èmi kò ní kí a má gbàdúrà. A máa ń gbé alùpùpù tuntun wá sí ilé Ọlọ́run, a máa ń wọ́n omi àdúrà sí i, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe di ẹrù bíréèkì tí kò mú lé èṣù lórí.

Ní oṣù karùn-ún 1935, T. E. Lawrence, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí òkìkí rẹ̀ kàn ní ilẹ̀ Lárúbáwá nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ń gun alùpùpù rẹ̀ tí ó fẹ́ràn gidigidi. Ó yà fún ọmọkùnrin méjì tí wọ́n wà lórí kẹ̀kẹ́, ó ṣubú, ó sì fi orí gbá ilẹ̀ láìdé àṣíborí. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà, ó kú. Ọ̀kan nínú àwọn dókítà tí a pè sí i, Hugh Cairns, kò kàn káwọ́ lérí. Ó wádìí ikú àwọn ọmọ ogun tí ń fi alùpùpù jíṣẹ́, ó tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1941, ní ọdún kan náà ni a sì pàṣẹ pé kí wọ́n máa dé àṣíborí. Ní 1973, ó di òfin fún gbogbo ẹni tí ń gun alùpùpù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn tí wọ́n kó ìwádìí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ jọ sọ pé àṣíborí ń dín ikú kù ní nǹkan bí 42 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ń dín ìpalára orí kù ní nǹkan bí 69. Àpọ́sítélì Pọ́ọ̀lù fi ìgbàlà wé àṣíborí. Ẹni tí ó ti dé ti ẹ̀mí, kí ó dé ti ara pẹ̀lú.

Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀ka gbogbo pé, kí olùṣọ́àgùntàn tó gbàdúrà sí alùpùpù kan, kí ó béèrè ohun mẹ́ta. Èkíní, àṣíborí méjì dà, ti ẹni tí ń gùn ún àti ti èrò ẹ̀yìn? Èkejì, ẹni tí yóò gùn ún ti kọ́ ọ, ó sì ti gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀? Ẹ̀kẹta, èló ni olówó rẹ̀ yóò máa gbà, ọjọ́ mélòó ni yóò sì fi sílẹ̀ fún òjò, fún àìsàn àti fún Ìsinmi? Àdúrà tí a bá gbà lẹ́yìn ìdáhùn rere ní odi yí i ká.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gùn ún, ẹ so okùn àṣíborí yín mọ́ àgbọ̀n. Èyí tí a gbé kọ́ apá kò lè gba orí là. Ẹ̀yin èrò, bí òórùn àṣíborí tí gbogbo ènìyàn ń dé bá ń rí yín lára, ẹ fi gèlè tàbí fìlà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí abẹ́ rẹ̀, ẹ má sì máa pariwo pé kí ọlọ́kadà túbọ̀ sáré. Àwọn baba wa ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹ̀yin tí Ọlọ́run fún ní owó láti ra ohun tí ẹlòmíràn yóò gùn, ẹ̀bùn ni, ìṣúra sì ni ọmọ tí ó wà lórí rẹ̀. Ìyá kan ń retí rẹ̀. Kí Olúwa fún wa ní ọkàn tí yóò so màlúù mọ́lẹ̀ kí ó tó kàn, kí ó sì jẹ́ kí gbogbo ẹni tí ó jáde nílé wa ní òwúrọ̀ bá wa jẹun alẹ́. Àmín.