Omi Tí Koríko Pápá Bọ́ọ̀lù Ń Mu



Ọ̀rọ̀ koríko ni a mú wá lónìí. Kì í ṣe koríko tí à ń ro lóko o. Koríko tí àwọn kan ń gba owó oṣù láti tọ́jú ni, koríko pápá tí àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù jẹun ń sáré lórí rẹ̀.

Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Côte d'Ivoire àti ti Mali pàdé ní pápá ìṣeré ńlá tó wà ní Ebimpé, lẹ́bàá Abidjan. Pápá náà kò tíì gbó. Ọdún 2020 ni wọ́n ṣí i, ó sì gba èèyàn bí 60,000. Òjò ńlá rọ̀. Omi dúró lórí koríko bí ìgbà tí a da omi sínú àwo. Ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù, kò ní lọ, á kàn lẹ̀ mọ́ inú omi. Nígbà tí wọ́n gbá ìdajì àkọ́kọ́ tán, wọ́n dá eré dúró, wọn kò sì parí rẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni oṣù mẹ́rin péré ló kù kí ìdíje Ife Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀! Wọ́n tún pápá náà ṣe kíákíá. Ibẹ̀ náà ni Côte d'Ivoire ti na Nàìjíríà ní àmì ayò 2 sí 1, ní ọjọ́ 11 oṣù kejì ọdún 2024, tí wọ́n fi gba ife.

Ẹnìkan á ní òjò ló fà á. Ṣùgbọ́n pápá wo ni òjò kì í rọ̀ sí? Abẹ́ ilẹ̀ ni kí ẹ wò. Pápá tí a ṣe dáadáa, yanrìn ló wà lábẹ́ koríko rẹ̀, ó sábà máa ń jìn tó sẹ̀ǹtímítà 30. Òkúta wẹ́wẹ́ wà lábẹ́ yanrìn, páìpù onihò sì wà nísàlẹ̀ tí omi ń gbà jáde. Bí èèyàn 22 bá ń fi bàtà tẹ ilẹ̀ amọ̀, ilẹ̀ náà á le bí ilẹ̀ ìta tí a lù. Omi kò ní wọlé, afẹ́fẹ́ kò ní wọlé, bẹ́ẹ̀ gbòǹgbò koríko ń mí bí àwa náà ṣe ń mí. Yanrìn kì í ṣù pọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n yanrìn tó ń jẹ́ kí omi lọ nígbà òjò, kì í di omi mú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nítorí náà ni wọ́n fi gbọ́dọ̀ bu omi rin ín. Omi náà ti tó mélòó? Ẹ̀yin tí ẹ wà ní kíláàsì ìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, ẹ mú gègé yín. Pápá náà gùn ní mítà 105, ó fẹ̀ ní mítà 68. Ẹ sọ 105 di púpọ̀ lọ́nà 68, ẹ ó rí 7,140. Omi tó ga ní mílímítà 1 lórí ilẹ̀ tó gùn ní mítà 1, tó sì fẹ̀ ní mítà 1, lítà 1 ni. Lórí gbogbo pápá, ó di lítà 7,140. Oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn lè fa mílímítà 5 lọ lóòjọ́. Ìyẹn jẹ́ lítà 35,700. Ẹ fi àgbá onílítà 200 pín in: àgbá 178 àti ààbọ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo nìyẹn o!

Bí omi ti pọ̀ tó yìí, ẹni tí kò mọ bí a ti ń bù ú yóò fi ṣòfò. Bí o bá ń wọ́n díẹ̀díẹ̀, òkè ilẹ̀ nìkan ló ń rin. Gbòǹgbò a máa tẹ̀lé omi. Bí omi bá wà lókè, gbòǹgbò á jókòó sókè. Bí agbábọ́ọ̀lù bá wá fi bàtà onírin yí ẹsẹ̀ padà, koríko á ṣí bí ẹní. Ó sàn kí a bu omi tó pọ̀ tí yóò wọlẹ̀ dáadáa, kí a sì jẹ́ kí òkè gbẹ díẹ̀ kí a tó tún bù ú. Ìdájí ni ó dára jù. Bí ó bá di ọ̀sán, oòrùn àti atẹ́gùn á jẹ nínú rẹ̀. Bí ó bá di alẹ́, ewé á wà nínú omi mọ́jú, àrùn olú á sì mú un. Ti ìgbà tí wọ́n ń wọ́n omi díẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀ yàtọ̀: nítorí kí bọ́ọ̀lù lè yára sáré ni, kì í ṣe nítorí òùngbẹ koríko.

Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà ní ọgbọ́n kan tí mo fẹ́ràn. Wọ́n á to agolo òfìfo tó dọ́gba káàkiri pápá, wọ́n á ṣí omi fún ìṣẹ́jú 15, wọ́n á sì ti rúlà bọ inú agolo kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá ní mílímítà 6, tí èkejì ní 2, a jẹ́ pé omi ń pa apá kan, òùngbẹ ń pa apá kejì. Ẹ ò rí i pé ẹni tó mọ nọ́ńbà kà nìkan ló lè ṣe iṣẹ́ yìí?

Ẹnìkan lè wá bi wá pé: níbi tí àwọn ìyá wa ti ń tò sídìí kànga, ta ni yóò da àgbá 178 sílẹ̀ fún koríko? Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. A kò ní kí ẹnikẹ́ni ṣe é ní pápá ilé ẹ̀kọ́. Koríko tó ń rá nílẹ̀ yìí, tí àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè ní chiendent, òun náà ni bàbá ọ̀pọ̀ koríko tí wọ́n ń gbìn sí pápá ńlá nílẹ̀ olóoru. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ewé rẹ̀ á pọ́n, á dà bí ẹni tó kú, ṣùgbọ́n ó ń sùn ni. Òjò á jí i. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi iná sun ún, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ di ọ̀nà alùpùpù.

Òjò ni kí ẹ múra sí. Ẹ jẹ́ kí àárín pápá ga díẹ̀ ju etí rẹ̀ lọ, kí ẹ sì gbẹ́ kòtò sí apá ibi tí àgbàrá ti ń wá. Bí òjò ńlá bá dá, ẹ dúró fún wákàtí kan, kí ẹ lọ wo pápá. Ibi tí omi bá ṣì dúró sí, ẹ kan èèkàn mọ́ ọn. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, ibẹ̀ ni ẹ ó da erùpẹ̀ oníyanrìn sí.