Taiwo àti Kehinde Lijadu: Ọ̀rọ̀ Tí A Sọ Níbi Ìpàdé Ẹgbẹ́

Àwọn ọ̀dọ́ ló ní kí n sọ̀rọ̀ lórí Lijadu Sisters.

Ìbejì ni wọ́n, ẹbí Fẹlá. Jos ni wọ́n bí wọn sí lọ́dún 1948. Láti 1976 sí 1979, wọ́n ṣe àwo mẹ́rin: Danger, Mother Africa, Sunshine àti Horizon Unlimited. Gìtá rọ́ọ̀kì ń ké, ìlù wa ń dáhùn, wọ́n ń fi Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì kọrin. Ohùn méjèèjì wọnú ara wọn débi pé ẹ ò ní mọ èwo ni ti Kehinde. (Òun lẹ̀gbọ́n o, ẹ má gbàgbé!) Àwọn fúnra wọn ló ń kọ orin wọn, nígbà tó jẹ́ pé ọkùnrin ló kún ìdí iṣẹ́ náà.

Owó ńkọ́? Wọ́n ní èyí tó dọ́wọ́ àwọn ò tó nǹkan. Wọ́n kó lọ sí Amẹ́ríkà. Kehinde ṣubú lórí àtẹ̀gùn ní 1996, ó fara pa gan-an. Ó kú ní 2019.

Àwọn ọmọ wa tó ń kọrin báyìí, ta ló ń bá wọn ka ìwé àdéhùn kí wọ́n tó tọwọ́ bọ̀ ọ́? Lọ́yà pọ̀ nínú ẹgbẹ́ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáhùn.