Ìfiniṣẹ̀sín Lórí Fóònù Láàárín Àwọn Ọmọ Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama



Nígbà tí wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ṣe ń fi ara wọn ṣẹ̀sín lórí fóònù, ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé ẹ̀sín kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Àwa tí a ní èébú, ẹ̀fẹ̀, àpárá, yẹ̀yẹ́ àti orin òwe nínú èdè wa kò lè sọ pé òyìnbó ni ó wá kọ́ wa. Ní ọjọ́ ọdún Òkè'Bàdàn, tọmọdé tàgbà a máa la ìgboro Ìbàdàn kọjá, wọn a máa kọ orin èébú tí ẹnu kò gbọdọ̀ sọ ní ọjọ́ mìíràn, ẹni tí wọ́n bá sì kọ ọ́ mọ́ kò gbọdọ̀ bínú. Ní ilẹ̀ Kétu, alẹ́ ẹ̀fẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni wọ́n fi ń bú oníwà ìbàjẹ́ ní gbangba. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé bí ọjọ́ Òkè'Bàdàn bá ti kọjá, ó parí. Ẹni tí ó bá tún kọ irú orin bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ kejì, ìjà ni ó ń wá. Aṣẹ̀fẹ̀ gbé ìbòjú lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn àgbà tí ó ni ìran náà mọ ẹni tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀sín ní àkókò, ó ní ojúlówó ẹni tí ó ṣe é, ó sì ní àgbà tí yóò sọ pé ó tó.

Fóònù ti wó ààlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ jẹ́ kí á fi ojú inú wo ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, tí ó ṣubú níbi eré-ìje ilé-ìwé. Nígbà tiwa, wọn ì bá fi ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, títí tí ẹlòmíràn yóò fi ṣubú. Lónìí, ẹnìkan ti ya àwòrán rẹ̀. Kí ó tó délé, àwòrán náà ti wà nínú gúrúùpù WhatsApp kíláàsì wọn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti gé ojú rẹ̀ tí ó ń sunkún jáde, wọ́n ti sọ ọ́ di sítíkà, wọ́n sì ń fi dá ara wọn lóhùn. Àwọn ọmọ ilé-ìwé mìíràn tí kò mọ orúkọ rẹ̀ náà ń lò ó. Ẹni tí ó kọ́kọ́ fi í síta lè kábàámọ̀, kí ó sì pa á rẹ́ lórí fóònù tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè pa á rẹ́ lórí fóònù ogójì ènìyàn tí wọ́n ti gbà á pamọ́.

Ní ọdún 2019, àjọ UNICEF ṣe ìwádìí lọ́dọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tí ó lé ní 170,000, láti ọmọ ọdún 13 sí 24, ní orílẹ̀-èdè 30, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta tí ó sọ pé wọ́n ti fi irú èyí jẹ àwọn níyà rí; ìdá kan nínú márùn-ún ni ó ti torí rẹ̀ pa ilé-ìwé jẹ.

Ọmọ tí ó ń pa ilé-ìwé jẹ kì í sọ ìdí rẹ̀. Orí a máa fọ́ ọ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, inú a máa run ún. Ẹni tí ó máa ń nawọ́ láti dáhùn ìbéèrè kò nawọ́ mọ́, nítorí ó mọ̀ pé gbogbo ojú tí yóò wo òun ni ó ti rí àwòrán náà. Kò sùn lóru. Ó ń yẹ fóònù wò lábẹ́ ìrọ̀rí kí ó lè mọ ohun tí wọ́n tún sọ. Olùkọ́ rí máàkì rẹ̀ tí ó ń lọ sílẹ̀, ó ní ọ̀lẹ ni. A ó ní kí ó pa fóònù náà. Ṣé ẹni tí wọ́n ń bú lójú ọjà, tí ó di etí, ni wọn kò bú mọ́? Òun nìkan ni kò gbọ́. Kò sì lè sọ nílé, nítorí ó mọ̀ pé fóònù òun ni ìyá òun yóò kọ́kọ́ gbà.

Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn olùkọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé níwọ̀n ìgbà tí a kò gba fóònù láàyè nílé-ìwé, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lórí fóònù kò kàn wá. N kò gbà. Ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè lè gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ. Kò lè gba ohun tí ọmọ ti rí. Ní ti òfin, Nàìjíríà ṣe ọ̀kan ní ọdún 2015 lórí ìwà ọ̀daràn inú ẹ̀rọ ayélujára, wọ́n sì tún un ṣe ní ọdún 2024. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé ọmọ ọdún mẹ́tàlá lọ sí kóòtù nítorí sítíkà?

Olùkọ́ èdè ni mí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba òwe kan tí ó ń bà mí lẹ́rù. A máa ń wí pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Òwe jagunjagun àti ìjòyè ni, ti ẹni tí orúkọ ìdílé wà lọ́rùn rẹ̀. A kò pa á fún ọmọ tí ó ṣubú lórí pápá. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ń gbọ́ ọ nínú fíìmù, wọ́n sì ń gbọ́ ọ lẹ́nu wa. Ẹni tí ó rò pé gbogbo ayé ni ó ti rí ẹ̀sín òun lè gbà á ní ìmọ̀ràn. Bí ọmọ bá sọ pé ó sàn kí òun má sí mọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè é ní àṣà ẹnu. Ẹ jókòó tì í, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, kí ẹ sì wá oníṣègùn tàbí olùdámọ̀ràn ní ọjọ́ náà gan-an.

A tún ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọjà yìí kò ní àgbà, àfi bí olùkọ́ bá gbà láti jẹ́ ẹ. Kì í ṣe pẹ̀lú ẹgba. Kí ó tọ́jú ẹ̀rí kí wọ́n tó pa á rẹ́. Kí ó pe òbí ìhà méjèèjì. Kí ó sì pe àwọn ogójì tí wọ́n kàn ń rẹ́rìn-ín, nítorí ẹnìkan ni ó ya àwòrán, ṣùgbọ́n àwọn ni ó sọ ọ́ di ẹ̀sín.

Olóòtú, ibi tí mo fẹ́ kí ìjíròrò wa ti bẹ̀rẹ̀ nìyí, mo sì ń bi ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé tí ẹ wà pẹ̀lú wa: bí ọmọbìnrin yìí bá wọ ilé-ìwé yín ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọ̀dọ̀ ta ni yóò lọ?