Ọwọ́ Tí Ń Ṣa Iná: Ọ̀bọ Lekki àti Àdán Èkó

[Ìró ẹyẹ àti ewé igi, ariwo ọkọ̀ ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.]



Bí ènìyàn bá fi ariwo ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́ sílẹ̀ ní kùtùkùtù, kí oòrùn tó mú, tí ó sì wọ inú ọgbà tí àjọ Nigerian Conservation Foundation dá sílẹ̀ ní ọdún 1990, ilẹ̀ hẹ́kítà 78 tí ó ṣì jẹ́ igbó àti irà láàárín àwọn ilé aláràbarà, yóò rí àwọn ọ̀bọ mona, ará orí igi, afẹ̀ka-ṣe-títì, níbi tí wọ́n jókòó méjì méjì. Ìyá kan na ọwọ́, ó la irun ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀ bí onídìrí ti ń la irun, ó fi èékánná mú nǹkan tíntín kan, ó sì jù ú sẹ́nu. Ọmọ náà di ojú, ó gbé orí lé itan ìyá rẹ̀.

Àwọn àgbà wí pé bí iná kò bá tán lórí, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ọ̀bọ kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣa iná ẹ̀yìn ara rẹ̀, nítorí náà ni ó ṣe nílò ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ náà ni í ké sí i nígbà tí àṣá bá ń rà bàbà lókè. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó mú iná kúrò lára ọ̀rẹ́ lè gbé aràn inú rẹ̀ padà wá sẹ́nu, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ó ń ṣe Àbóyadé yóò sì di ohun tí ń ṣe gbogbo Ọlọ́ya.

Ǹjẹ́ ẹranko mọ èyí? Ní gúúsù ilẹ̀ Gabon, àwọn onímọ̀ tọ ipasẹ̀ agbo mandrill kan, ọ̀bọ ńlá onímú pupa, ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ búlúù, fún ọdún púpọ̀. Ní ọdún 2017 wọ́n kéde pé bí kòkòrò inú bá pọ̀ lára ọ̀kan nínú wọn, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa yẹra fún un, wọn kì í sì í fẹ́ ṣa iná lára rẹ̀ mọ́. Àwọn onímọ̀ náà fi ìgbẹ́ aláìsàn ra ọparun kan, wọ́n fi ìgbẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ le ra òmíràn. Àwọn ọ̀bọ náà gbóòórùn méjèèjì, wọ́n sì yàgò fún ti aláìsàn. Nígbà tí a fún àwọn aláìsàn ní oògùn, ọwọ́ ẹgbẹ́ tún padà sí ara wọn. Kò sí wolé-wolé kankan tí ó wọ inú igbó náà lọ kọ́ wọn ní ìmọ́tótó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ mí lákínyẹmí ara ni pé, ní ọdún 2020, ìwádìí mìíràn lórí agbo yìí kan náà fi hàn pé òfin ìyẹra yìí kò de ìyá sí ọmọ, kò sì de àwọn ọmọ ìyá. Bí ó ti wù kí kòkòrò inú pọ̀ tó, ìyá kò ká ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Okùn ọmọ ìyá yi.

[Ìró ìyẹ́ àdán ní ìrọ̀lẹ́.]

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Èkó Akéte, ilé ọgbọ́n. Àdán dorí kodò, ó ń wo ìṣe ẹyẹ. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1956, ní Erékùṣù Èkó, àwọn oníṣègùn kan wo ti àdán náà. Boulger àti Porterfield ni orúkọ àwọn tí wọ́n ròyìn rẹ̀. Nínú ọpọlọ àdán ńlá ajèso ni a ti rí kòkòrò àìfojúrí kan tí ó jẹ́ ìbátan àrùn dìgbòlugi, a sì sọ ọ́ ní Lagos bat virus, orúkọ tí gbogbo ayé ń pè é títí di òní.

Àdán yìí kì í dá sùn. Ẹni tí ó bá ti dé ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ti rí i bí wọ́n ti ń so rọ̀ bí èso lórí igi, tí wọ́n ń ti ara wọn, tí wọ́n ń bá ara wọn jà lórí àyè, tí ojú ọ̀run sì ń ṣú nígbà tí wọ́n bá gbéra ní ìrọ̀lẹ́. Ìrìn wọn jìn: a ti tọ ọ̀kan kọjá 2,500 kìlómítà. Ìwádìí ọdún 2013 fi hàn pé ẹbí kan ṣoṣo ni wọ́n jákèjádò ilẹ̀ Áfíríkà, bẹ́ẹ̀ ni a rí i ní Accra pé ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ nínú àwọn tí a yẹ̀ wò tí ẹ̀jẹ̀ wọn ti bá kòkòrò yìí jà rí, síbẹ̀ tí wọ́n wà láàyè. Agbo tí ó tóbi tó báyìí, tí ọmọ tuntun ń wọ inú rẹ̀ lọ́dọọdún, ni kò jẹ́ kí àrùn náà kú, tí àrùn náà kò sì pa agbo run.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò wí pé kí a gé igi wọn lulẹ̀. Èmi kò fara mọ́ ọn. Àdán yìí ni í gbé hóró ìrókò lọ sí ibi tí ìyá igi kò lè dé, bí a bá sì tú agbo ká, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ni yóò wá. Kò tíì sí àkọsílẹ̀ ẹni tí Lagos bat virus pa. Nígbà mìíràn, àwa gan-an ni a ń kó àrùn ran ẹranko. Ní igbó Taï ní Côte d'Ivoire, àrùn ikọ́ tí ènìyàn kó wọlé ti pa àwọn ìnàkí.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará Lekki àti Ajah, a bẹ̀ yín: ẹ má ṣe na bisikíìtì sí ọ̀bọ inú ọgbà, nítorí oúnjẹ ọ̀fẹ́ ni í kó wọn jọ sójú kan tí ọwọ́ wọn fi ń kan tiwa. Bí ẹ bá rí àdán tí ó já sílẹ̀ lábẹ́ igi fúrúùtù, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọdé fi ọwọ́ lásán gbé e. Bí ó bá sì bu ènìyàn jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ ní ọjọ́ náà gan-an.