Ẹni Tó Ń Wá Baba Rẹ̀, Kó Wá Ilẹ̀ Baba Rẹ̀: Ìwádìí Ìdílé Nínú Ìwé Káńtì Gwinnett



Ní Mobile, ní ìpínlẹ̀ Alabama tó bá Georgia pààlà, ọkùnrin kan wà tí ìwé ìjọba ń pè ní Cudjo Lewis. Oluale Kossola ni orúkọ tó gbé ti ilé wá. Èbúté Ouidah, ní etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ni wọ́n ti rà á, tí wọ́n kó òun àti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún èèyàn mìíràn sínú ọkọ̀ Clotilda, tó gúnlẹ̀ sí Mobile lóṣù keje ọdún 1860. Nígbà yẹn, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọlé láti òkè òkun léèwọ̀. Òpìtàn Sylviane Diouf, tó tọ pinpin ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà, sọ pé àárín àwọn Yorùbá agbègbè Bantè, ní orílẹ̀-èdè Benin òde òní, ni Kossola ti wá.

Kossola pẹ́ láyé. Ọdún 1935 ló kú, àwọn òǹkọ̀wé sì wá jókòó tì í gbọ́ ìtàn rẹ̀. Ká ní ẹnikẹ́ni ò wá ńkọ́? Ìwé ìjọba ì bá ṣì rí nǹkan sọ. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹwàá ọdún 1868, òfin sọ ọ́ di ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ní 1872, ó ra éékà ilẹ̀ méjì ní ọgọ́rùn-ún dọ́là. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 1880, òun àti Abile, tí wọ́n ti jọ ń gbé bíi tọkọtaya tipẹ́, lọ ṣe ìgbéyàwó tó bófin mu, àwọn tọkọtaya mìíràn ní Africatown, àdúgbò tí àwọn ará ọkọ̀ Clotilda tẹ̀ dó nítòsí Mobile, sì bá wọn ṣe é lọ́jọ́ kan náà. Ní 1902, ọkọ̀ ojú irin kọlu kẹ̀kẹ́ ẹṣin rẹ̀, ó fara pa, ó pe àwọn ọlọ́kọ̀ lẹ́jọ́. Ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n san 650 dọ́là fún un, kóòtù tó ga jù ú lọ sì wọ́gi lé e.

Ẹ wo ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn dáadáa. Kò sí èyí tí wọ́n kọ nítorí ìtàn. Káńtì kì í kọ ìtàn ìdílé ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń kọ ni ẹni tó ni ilẹ̀, ẹni tó jẹ gbèsè, ẹni tó fẹ́ ẹni, ẹni tó kú tí ogún rẹ̀ wà nílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá mú orúkọ nìkan dání lọ síbẹ̀ fi sábà máa ń padà lọ́wọ́ òfo, tí ẹni tó bá béèrè ilẹ̀ àti owó á sì kan èèyàn.

Káńtì Gwinnett, ní agbègbè Atlanta ní Georgia, ni ìlú wa Suwanee wà. Oṣù kejìlá ọdún 1818 ni wọ́n dá káńtì náà sílẹ̀, lórí ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn Cherokee àti Muscogee, Lawrenceville sì ni olú ìlú rẹ̀. Ní 1820, ìjọba Georgia ṣẹ́ gègé láti pín ilẹ̀ náà. Wọ́n gé e sí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tó jẹ́ 250 éékà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi nọ́ńbà sí i, wọ́n sì fa orúkọ àwọn aláwọ̀ funfun yọ. Nọ́ńbà wọ̀nyẹn kò tíì kú. Ọmọ Yorùbá tó bá ra ilé sí Suwanee lónìí, tó bá ṣí ìwé ilẹ̀ rẹ̀, yóò rí i níbẹ̀ pé ilé òun wà ní Land Lot báyìí, ní District báyìí. Nọ́ńbà yẹn wúlò ju orúkọ ìlú lọ, nítorí ọdún 1949 ni Suwanee ṣẹ̀ṣẹ̀ di ìlú lábẹ́ òfin, ìwé tó bá sì ti pẹ́ jùyẹn lọ lè má dárúkọ rẹ̀ rárá.

Ọ́fíìsì méjì ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù ní Lawrenceville. Akọ̀wé Superior Court ló ń tọ́jú ìwé ilẹ̀. Probate Court ló ń tọ́jú ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ogún. Ìwé ilẹ̀ ní atọ́ka méjì, ọ̀kan fún orúkọ ẹni tó tà, èkejì fún orúkọ ẹni tó rà. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà. Bí olùwádìí bá rí i pé ẹnì kan ra ilẹ̀ ní 1905, kó yí sí atọ́ka àwọn tó tà, kó wo ìgbà tí onítọ̀hún jọ̀wọ́ ilẹ̀ náà. Bí kò bá sí ibi tó ti tà á, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó kú sórí rẹ̀. Probate Court ló kàn, níbi tí orúkọ ìyàwó, ọmọ, àti ọmọ tó ti lọ sí ìlú mìíràn lè jókòó sí lójú ìwé kan ṣoṣo. Kó má fojú fo àwọn ẹlẹ́rìí tó fọwọ́ síwèé náà o. Lọ́pọ̀ ìgbà, àna tàbí aládùúgbò ni wọ́n.

Iná ló ba Gwinnett jẹ́. Ní 1871, kóòtù Lawrenceville jó, ọ̀pọ̀ ìwé tó wà nínú rẹ̀ sì ṣègbé. Èyí tí àlejò ń wò láàárín ìlú lónìí, ọdún 1885 ni wọ́n kọ́ ọ. Lẹ́yìn irú iná bẹ́ẹ̀, àwọn onílẹ̀ a máa gbé ìwé tó wà nílé wọn wá kí akọ̀wé tún un kọ, nítorí náà ìwé ilẹ̀ ọdún 1840 lè wà nínú ìwé ńlá tí wọ́n kọ lẹ́yìn 1871. Ààlà náà sì ń yẹ̀. Ní 1914, wọ́n gé lára Gwinnett kún káńtì Barrow, ìdílé tí kò kúrò lójú kan sì bá ara rẹ̀ nínú káńtì méjì. Georgia ní káńtì 159, ẹni tó bá sì jókòó ti ẹyọ kan lè má rí àwọn èèyàn rẹ̀ láé.

Ti àwọn aláwọ̀ dúdú le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìkànìyàn 1850 àti 1860 kọ orúkọ olówó ẹrú, ó sì kọ ọjọ́ orí ẹrú àti bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Orúkọ ẹrú kò sí níbẹ̀. 1870 ni ìkànìyàn ìjọba àpapọ̀ kọ́kọ́ kọ orúkọ gbogbo wọn bí èèyàn. Ibi tí orúkọ wọn máa ń wà ṣáájú ìyẹn ni ìwé ogún olówó wọn, níbi tí àwọn adíyelé ti kọ wọ́n mọ́ ìbákà àti ohun èlò oko, kálukú pẹ̀lú iye owó tirẹ̀. Ó ń rùn, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni orúkọ wà. Ìwé mìíràn ni ìforúkọsílẹ̀ àwọn olùdìbò ọdún 1867, níbi tí àwọn ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ti búra tí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Ìjọba Georgia kò fi orúkọ ìbí àti ikú sílẹ̀ káàkiri ìpínlẹ̀ títí di 1919, nítorí náà ẹni tó ń wá bàbá àgbà tí wọ́n bí ní 1890 kò ní ìwé ẹ̀rí ìbí tí yóò gbẹ́kẹ̀ lé.

Ilẹ̀ tún sọ̀rọ̀ níhìn-ín. Nítòsí Snellville, nínú Gwinnett kan náà, Thomas Maguire, ará Ireland, ní oko ńlá tí ẹrú ti ṣiṣẹ́. Ní 1920, aláwọ̀ dúdú kan, Robert Livsey, ra ilé náà pẹ̀lú 110 éékà ilẹ̀. Promised Land ni wọ́n ń pe àdúgbò náà. Ẹni tó bá tẹ̀lé ìwé ilẹ̀ yẹn síwájú àti sẹ́yìn yóò bá onílẹ̀ aláwọ̀ funfun àti ìdílé aláwọ̀ dúdú pàdé lórí okùn kan.

Nílé ní Nàìjíríà náà, ilẹ̀ ló ń pa ìdílé mọ́. Nígbà tí Olóyè Olúwa ti Èkó bá ìjọba amúnisìn ṣẹjọ́ lórí ilẹ̀ Apapa, tí ẹjọ́ náà dé Privy Council, kóòtù tó ga jù fún àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso, ní London ní 1921, ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ilẹ̀ ló gbé ìtàn ìdílé wọnú ìwé. Ní kóòtù ìbílẹ̀ àti kóòtù gíga ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tó ń jà fún ilẹ̀ ìdílé gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ dó, àwọn ọmọ rẹ̀, àti bí ó ṣe kàn án. Àgbà kan lè dìde sọ ìran mẹ́fà, kí akọ̀wé kọ gbogbo rẹ̀. Ará Suwanee tó bá ń wá baba ńlá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú tàbí Ìbàdàn, kó béèrè bóyá ìdílé náà ti lọ kóòtù rí.

Ìṣòro tiwa lọ́jọ́ iwájú ni orúkọ. Bàbá kan lè ní ọmọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ ìdílé mẹ́ta, nítorí ọ̀kan mú orúkọ bàbá, ọ̀kan mú ti bàbá àgbà, ọ̀kan sì yọ Ifá kúrò nínú tirẹ̀ nígbà tó di onígbàgbọ́. Ní Nàìjíríà, ìwé ìròyìn máa ń tẹ ìkéde ẹni tó pààrọ̀ orúkọ, ìkéde yẹn sì lè so Fáṣọlá mọ́ Olúṣọlá. Ní Gwinnett, tó ní èèyàn 957,062 nínú ìkànìyàn 2020, ìkéde tí wọ́n tẹ̀ ní Nàìjíríà kò wọ ìwé káńtì, kò sì ní so ẹ̀gbọ́n mọ́ àbúrò níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ tọkọtaya níhìn-ín tún máa ń ra ilé lọ́nà tó jẹ́ pé bí ọ̀kan bá kú, ti ẹnì kejì ni gbogbo rẹ̀. Ó rọrùn, kò sì fi dandan gba Probate Court. Ṣùgbọ́n orúkọ àwọn ọmọ kò ní wọ ìwé káńtì nípasẹ̀ ilé yẹn. Ibi tí wọ́n yóò wà ni ìwé ètò ìsìnkú, tí a ń tẹ̀ lójú ewé púpọ̀ pẹ̀lú orúkọ ọmọ, ọmọ-ọmọ, àna àti ìlú baba. Auburn Avenue Research Library ní Atlanta ti ń kó ìwé ètò ìsìnkú àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà jọ, àwọn olùwádìí sì ń kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó yẹ kí ẹgbẹ́ Yorùbá kọ̀ọ̀kan ní Gwinnett yan akọ̀wé kan tí yóò máa gba ẹ̀dà méjì nínú tiwa lọ́wọ́ olóòkú, kó kọ orúkọ tí olóògbé ń jẹ́ nílé àti èyí tó wà lórí ìwé ilẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, kó sì béèrè lọ́wọ́ ilé ìkàwé náà bóyá wọn yóò gbà á.