Báìtì Mẹ́rin: Ọ̀rọ̀ Ìdágbére fún Àwọn Onímọ̀ Ẹ̀rọ Tó Ń Jáde

Afárá aláìlókùn ni rédíò méjì tí wọ́n gbé kọ́ òpó lórí òrùlé, tí wọ́n kọjú síra, tí wọ́n sì so nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé kan pọ̀ mọ́ ti èkejì bí ẹni pé wáyà kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn. Okùn abẹ́ òkun MainOne ti gúnlẹ̀ sí Èkó láti 2010, ibùdó ìmọ̀ ẹ̀rọ Co-Creation Hub sì ti ṣílẹ̀kùn ní Yábàá láti 2011, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ní Sùúrùlérè, Yábàá àti Mùṣin ló ṣì ń gba ojú òfurufú dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ka wọn, nítorí owó kékeré kọ́ ni wọ́n fi ń gbẹ́ títì ri fíbà. Ìkíni tó tọ́ sí ọ̀gá àgbà, olùkọ́ àti òbí ti wà nínú ìwé ètò òní. Ọ̀rọ̀ tó kù kò ju ẹyọ kan lọ: afárá tí wọn kò bá kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì parí.

Dátà kì í rìn ní odindi. Wọ́n máa ń gé e sí páákẹ́ẹ̀tì, ọ̀nà kọ̀ọ̀kan sì ní ìwọ̀n tí páákẹ́ẹ̀tì kò gbọdọ̀ kọjá, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní MTU. Lórí Ethernet, 1500 báìtì ni. Báìtì 14 tó ń sọ ibi tí ẹrù ti wá, ibi tó ń lọ àti irú ẹrù tó jẹ́, pẹ̀lú 4 ìparí tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, ló sọ ọ́ di férémù 1518. Àmì VLAN, tí wọ́n fi ń ya nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì lórí ọ̀nà kan náà, tún fi 4 kún un, ó di 1522. Àwọn ìlànà tó ń fi orí tiwọn kún páákẹ́ẹ̀tì náà ń jẹ nínú àyè yìí: PPPoE máa ń gba 8 nínú 1500, á ku 1492. GRE máa ń gba 24, á ku 1476. Ojú òfurufú gan-an kì í sábà há, nítorí ìlànà 802.11 ti Wi-Fi gba ẹrù tó tó 2304 báìtì. Ojú Ethernet tó wà lára rédíò, tàbí sọ́fítíwia inú rẹ̀, ni ẹrù ti máa ń há.

Rọ́tà máa ń sọ̀rọ̀. Bí páákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé bá tóbi ju ọ̀nà iwájú lọ, á dá a nù, á sì ránṣẹ́ padà sí ẹni tó fi í ránṣẹ́ pé kó dín in kù. Orí ìránṣẹ́ yẹn ni ọgbọ́n tí RFC 1191 là sílẹ̀ ní 1990 dúró lé. Afárá kì í ránṣẹ́. Férémù nìkan ló mọ̀. Èyí tó bá tóbi jù, á dá a nù láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Kọ̀ǹpútà á tún un fi ránṣẹ́, afárá á tún dá a nù. Ìwé tó bá ẹ̀rọ wá àti àkọsílẹ̀ ẹni tó gbé e kọ́ nìkan ni ẹnu tí afárá ní.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọ́fíìsì kan ní Sùúrùlérè àti ẹ̀ka rẹ̀ ní Mùṣin fi èyí hàn. Afárá wọn ń ṣiṣẹ́ dáadáa títí wọ́n fi fi VLAN ya kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà sọ́tọ̀ kúrò lára kọ̀ǹpútà, oníkálukú pẹ̀lú àmì tirẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ping tí wọ́n fi ń dán ọ̀nà wò ń lọ, ọ̀rọ̀ WhatsApp ń wọlé, ṣùgbọ́n bí akọ̀wé bá fi fáìlì ńlá ránṣẹ́, á bẹ̀rẹ̀, á sì dúró gbagidi. Wọ́n dá iná mọ̀nàmọ́ná lẹ́bi, wọ́n dá òjò lẹ́bi, wọ́n dá ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí aládùúgbò ń kọ́ lọ́wọ́ lẹ́bi. Wọ́n gun òpó, wọ́n tún rédíò kọjú síra, wọ́n ra wáyà tuntun. Ẹni tó gbé e kọ́ ti lọ sí Kánádà. Páásìwọọ̀dù tó kọ sẹ́yìn rìsíìtì nìkan ló fi sílẹ̀. Ìwé tó bá rédíò wá sọ bó ṣe ń yára tó àti ibi tó lè dé, kò mẹ́nu kan férémù. Àgbà oníṣẹ́ kan ló wá dán an wò pẹ̀lú ping tí kò ṣeé gé: 1468 kọjá, 1469 kò kọjá. Báìtì 4 ti àmì VLAN ni kò ráyè.

Ping lásán kò lè rí irú àìsàn yìí, nítorí dátà 32 báìtì ni ti Windows ń gbé, ti Linux ń gbé 56. Àyẹ̀wò tó tọ́ ni ping -f -l 1472 lórí Windows, tàbí ping -M do -s 1472 lórí Linux. Orí IP àti ti ICMP jẹ́ 28, àròpọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 1500. Bí kò bá kọjá, wọ́n á máa dín in kù títí yóò fi kọjá, wọ́n á wá fi 28 kún nọ́ńbà tó kọjá: ìyẹn ni MTU ọ̀nà náà. Ní ti Sùúrùlérè, 1496 ni. Wọ́n lè fi rédíò tó gba férémù 1522 rọ́pò, wọ́n sì lè dín MTU kọ̀ǹpútà ìhà méjèèjì kù sí 1496.

Àwọn tó ń ṣe rédíò kì í ka nǹkan bákan náà. Ìwé kan á kọ 1500, ẹrù IP nìkan ló kà. Òmíràn á kọ 1518, ó ti ka orí àti ìdí férémù mọ́ ọn. MikroTik ti Látíà ní nọ́ńbà tó ń pè ní L2MTU, èyí tó ka àmì VLAN ṣùgbọ́n tí kò ka báìtì 14 ti orí férémù. Nítorí náà, àkọsílẹ̀ tó pé gbọ́dọ̀ sọ irú rédíò àti ẹ̀dà sọ́fítíwia rẹ̀; férémù tó tóbi jù lọ tó kọjá, àti ohun tí wọ́n kà mọ́ ọn; gbogbo àmì tó ń gba ọ̀nà náà kọjá; àṣẹ ping tí wọ́n fi dán an wò, àti ọjọ́ rẹ̀. Ojú ìwé kan gbà á. Ẹ̀dà kan á wà nínú àpótí ìsàlẹ̀ òpó, èkejì nínú fáìlì ọ́fíìsì. Ọjọ́ tí wọ́n bá pààrọ̀ sọ́fítíwia, wọ́n á tún un dán wò, wọ́n á sì tún un kọ.

Ìbẹ̀rù ló jẹ́ kí ojú ìwé kan yẹn ṣọ̀wọ́n. Oníṣẹ́ tó gbà pé ọ̀gá kò ní lè lé òun bí òun nìkan bá mọ ìdí ẹ̀rọ ti sọ ara rẹ̀ di ẹrú òpó: wọ́n á pè é lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, wọn kò sì ní gbé e sókè, nítorí kò sẹ́ni tó lè dúró sí àyè rẹ̀. Ó jókòó sínú gbọ̀ngàn yìí lónìí, ó ń rò pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá wí. Ẹni tó ti ń to ìwé físà náà jókòó tì í. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú lílọ, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí ẹni tó gbéṣẹ́ fún un ti sanwó rẹ̀ kì í ṣe ẹrù tó lè dì mọ́ báàgì. Kó tó dá kọ́kọ́rọ́ padà, kó pe ẹni tó máa gba ipò rẹ̀, kó fún un ní ìwé náà, kó pa ẹnu mọ́, kó sì jẹ́ kó fi ìwé yẹn nìkan dán afárá wò. Bí nọ́ńbà tó jáde bá bá ti inú ìwé mu, iṣẹ́ ti parí.